Oṣù Méjì Tí Mo Fi Wá Ìwé Kùrukùru

Ajé, ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ

Kí ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn ikú mi mọ̀ pé lónìí, mo fi ojú dídì sọ bàálù kalẹ̀. Rédà ló ń darí mi. N kò rí ilẹ̀, n kò rí òfurufú, mo sì gbé e lé títì bàálù bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ lé orí ẹní. Ẹyẹ gan-an á kan sáárá sí mi. Ọ̀gá Pẹ́ńsù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò lè la ẹnu.

Mo ti jẹun tán báyìí, ara mi ti balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un kọ. Ojú dídì tí mo wí yẹn, ìbòjú ni, ike gígùn kan bí ẹnu fìlà, tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ rí ju àwọn aago iwájú rẹ̀ lọ. Tèmi wọ́ díẹ̀ lápá òsì. Mo ń yọjú wo ìta. Pẹ̀lú gbogbo yíyọjú yẹn náà, orí koríko ni mo dorí bàálù kọ. Ọ̀gá Pẹ́ńsù ló já ìdarí gbà lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni kò fi lè la ẹnu. Nígbà tó máa là á, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá wọn gé koríko ni?"

Òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ mi. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pẹ́ńsù nítorí kì í fi bíró kọ nǹkan kan nípa mi. Ó ní àṣìṣe mi pọ̀ ju ohun tí bíró lè gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ilé iṣẹ́ wa ti gba iṣẹ́ gbígbé ẹ̀jẹ̀ àti oògùn lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀yìn òkè, yálà òjò ń rọ̀ tàbí kùrukùru bolẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá ní ìwé kùrukùru kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án, kó dá kọ́kọ́rọ́ bàálù padà. Àsọ̀kalẹ̀ rédà mẹ́wàá tó mọ́ ni wọ́n ń bèèrè, kí Ọ̀gá Pẹ́ńsù fa ìlà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ń gba ìlà, tó wá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tó ti sún mọ́ ilẹ̀, wọ́n á pa ìlà rẹ̀ rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Ọdún méjìlélógójì ni mo fi fọ́n oògùn kòkòrò sóko láti òkè, ojú mi ni mo sì fi ń ríran, kì í ṣe ti rédà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 5

Obìnrin ni wọ́n fún mi nídìí rédà, òun ló ń wo bàálù mi lójú ẹ̀rọ, tó ń fi rédíò darí mi. N kò mọ ojú rẹ̀, yàrá wọn wà ní òdìkejì pápá. Ọ̀gá Pẹ́ńsù ní òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, pé èyí tí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á kà á fún òun náà. Mo sọ ọ́ ní Ohùn.

Láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ dojú kọ ọgọ́fà." Èmi á yí imú bàálù sí nọ́ńbà yẹn lójú kọ́ńpáàsì, èmi á sì tún un sọ, kó mọ̀ pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti sún mọ́lé, á ní, "Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ má dá mi lóhùn mọ́. Bí ẹ kò bá gbọ́ mi fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ gòkè padà." Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀rọ̀ láìmí: ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ ga jù díẹ̀, ẹ yà sósì díẹ̀, ẹ wà lójú ọ̀nà.

Ilé ire ló ti jáde. Ó fi "ẹ" pa àgbà lẹ́nu mọ́.

Mo dá a lóhùn ṣá. Mo tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀, mo ní, "Ọmọ mi, mí díẹ̀ o, kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo pa ọ́." Nígbà tí mo fi ń sọ ìyẹn, ó ti sọ fún mi pé kí n yà sósì, n kò sì gbọ́, nítorí ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì kì í gbọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Pẹ́ńsù kò fa ìlà.

"Ẹnu yín yìí," ó ní.

"Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ," mo ní.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 8

Mo fi ilé ṣe bàálù. Mo jókòó sórí àga ní pálọ̀, mo di ìdérí ìkòkò ńlá mú bí ìdarí, mo fi fìlà bojú. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ Ohùn sí. Nígbà tó dé ibi tí mo kọ "ẹ má dá mi lóhùn mọ́," ó dúró, ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀kan ló wà níbẹ̀."

"Ọdún mẹ́tàlélógójì rèé tí mo ti wọlé yín," ó ní, "òní ni mo rí ìwé àṣẹ pé kí n sọ̀rọ̀ kí ẹ má fèsì. Ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀."

Ó darí mi títí mo fi forí sọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 11

Òjò. Bàálù kò gbéra. Mo lọ gba awò ojú tuntun tí màá máa fi ka aago. Iye tí ọkùnrin tó ń tà á pè é, mo bi í bóyá ojú wà nínú ẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ 14

Ìlà kìíní! Mo kọ ọ́ nílá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 19

Ìlà ti di mẹ́ta. Títí di àárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni a máa ń sọ̀kalẹ̀ dé kí n tó ṣí ìbòjú. Lẹ́yìn ìlà kẹta, Ọ̀gá Pẹ́ńsù ní ó tó gẹ́ẹ́, igba ni kí a máa dé báyìí, nítorí igba ni òfin. Bí mo bá dé igba tí n kò rí títì, kí n gòkè padà.

A gbìyànjú ọ̀kan. Ohùn ń bá mi bọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ku díẹ̀ kí a dé igba, ló bá dákẹ́ wáí. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. A gòkè padà. Ọ̀gá Pẹ́ńsù kò ka ìyẹn sí mi lọ́rùn, ó ní ẹni tó wà nídìí rédà ló dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 20

Mẹkáníìkì tú rédíò palẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Bàbá, rédíò yìí sàn jù yín lọ," ó ní.

Mo ní, "Bó bá sàn jù mí lọ, kó fẹ́ ìyàwó."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27

Òjò ló gba ọ̀sẹ̀ yìí. A ráyè gbéra lónìí, a sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Méjèèjì ló bàjẹ́, níbi kan náà. Tí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́, Ohùn á dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, bí a ṣe ń gòkè padà, mo pè é lórí rédíò, mo ní, "Ohùn, ṣé o lọ bu omi mu ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, n kò dákẹ́ o. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ ni."

Ọ̀gá yàrá rédà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí a bọ́ sílẹ̀, ó tó fún òní. Wọ́n ní ariwo kan máa ń gba etí wọn kọjá lásìkò yẹn, bóyá wáyà ni, bóyá ìbẹ̀rù ló ń mú ọmọbìnrin náà tí ilẹ̀ bá ti sún mọ́ bàálù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta nìyẹn. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ìlà mi ti lọ. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Mo tún fi pálọ̀ ṣe bàálù. Ìyàwó mi kúrò lẹ́yìn mi, ó wá dúró níwájú, ó ń ka ìwé, ó ń wò mí. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ kọ nípa ìyẹn.

Àìkú, ọjọ́ 6

Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orí rẹ̀ ń fọ́ ọ ni, bóyá.

Ajé, ọjọ́ 7

Ohùn mìíràn ni mo bá lórí rédíò, ti ọkùnrin. Wọ́n ti dá Ohùn padà sí ìdí tábìlì, ibi tí wọ́n ti ń kọ àkókò tí bàálù gbéra àti ìgbà tó balẹ̀. Ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́. A dé igba lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà márùn-ún.

Ọ̀gá Pẹ́ńsù rí báńdéèjì lọ́wọ́ òsì mi, ó bi mí. Mo ní ọ̀bẹ ló gé mi lọ́wọ́ níbi tí mo ti ń bó ọsàn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 9

Ìlà kẹfà. Gbogbo wọn ti ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì pé, ẹ ò rí i, láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọmọbìnrin yẹn, ohùn kò já mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ 11

Ìlà mẹ́jọ. Ó ku méjì péré, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ṣì wà níwájú. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Mo rí Ohùn lónìí. Mo lọ fi ìwé àkókò sílẹ̀ lójú fèrèsé wọn, obìnrin kúkúrú kan tó wọ súwẹ́tà ló gbà á. Bó ṣe ní "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rò pé á ga. Ó wo ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni mo dákẹ́? Wọ́n sọ ọ́ títí, èmi náà ti fẹ́ gbà á gbọ́."

Mo ní, "Obìnrin tó dákẹ́? N kò tíì rí irú ẹ̀ rí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé mi, ó tì í sí mi. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ àwàdà níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó, n kò rí ibi tí ó ti korò lẹ́nu mi tó báyìí.

Àìkú, ọjọ́ 13

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ mi síwájú mi, ó jókòó, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà." Kò sọ ìyókù. Ó gbé àwo tirẹ̀ lọ sí kíṣìnnì.

Ajé, ọjọ́ 14

Mo ti sọ ọ́.

Mo ní kí Ọ̀gá Pẹ́ńsù sìn mí lọ bá ọ̀gá yàrá rédà. Mo tú báńdéèjì kúrò níwájú àwọn méjèèjì. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ìka yìí. Òun ló ń pa yín lẹ́nu mọ́."

Bó ṣe rí nìyí. Nínú bàálù tí mo fi ń fọ́n oògùn, bọ́tìnì tó ń tú oògùn wà lábẹ́ àtàǹpàkò. Tí ilẹ̀ bá ti sún mọ́, o tẹ̀ ẹ́, o dì í mú, títí oko á fi tán. Ọdún méjìlélógójì. Nínú bàálù tuntun yìí, bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀ gan-an, lápá òsì, níbi tí Ọ̀gá Pẹ́ńsù kò lè rí i. Tí ara mi bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ ń bọ̀, ìka yìí á tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, kò ní bi mí. Ohùn ń sọ̀rọ̀, èmi ni n kò gbọ́. Ariwo tí wọ́n ń pè ní wáyà, ẹ́ńjìnnì bàálù mi ni.

Ọ̀gá yàrá rédà kò gbà á kíákíá. A lọ tan bàálù nílẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì, n kò sọ̀rọ̀. Òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ́tí níbi rédíò wọn. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Ariwo yẹn náà ni."

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo dá a lóhùn.

Ọ̀gá Pẹ́ńsù jókòó sórí ìyẹ́ bàálù, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Bàbá, ẹ mọ òfin. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó dákẹ́ yẹn ti di tiyín."

"Mo mọ̀."

"Mẹ́jọ ni ẹ ní."

"Mo mọ̀ ọ́n kà."

Ó fi rọ́bà pa á rẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Mo ní, "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo ni ti gbogbo ìlà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17

Ohùn ti padà sídìí rédà. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ dojú kọ ọgọ́fà." Ìyàwó mi fi aṣọ wé ìka mi, ó dì í bí ẹni di ẹrù. Ìlà kìíní, lẹ́ẹ̀kejì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 22

Ìlà kẹta, àti kùrukùru gidi.

Nígbà tí a gbéra, ojú ọ̀run mọ́. Nígbà tí a máa fi padà, ó ti bo pápá mọ́lẹ̀ bí òwú. Ọ̀gá Pẹ́ńsù ní kí n bọ́ ìbòjú, kò wúlò mọ́. Mo bọ́ ọ. Mo wo ìta. Funfun. Mo wo òsì níbi tí mo ti máa ń yọjú láyé àtijọ́. Funfun. Bí a bá ń sunkún a máa ń ríran, wọ́n ní. N kò sunkún, n kò sì ríran.

Ohùn bẹ̀rẹ̀. "Ẹ má dá mi lóhùn mọ́." Mo ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu nípa kùrukùru àti ìyá ìyàwó, mo gbé e mì. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé bàálù ń tẹ̀ sọ́tùn-ún. Mo lè búra. Ohùn ní, "Ẹ wà lójú ọ̀nà." Mo wo aago, aago náà ní kò tẹ̀ síbì kankan. Àwọn méjì sí ẹnì kan. Mo gba tiwọn gbọ́.

Ẹ lọ sílẹ̀ jù díẹ̀. Ẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ wà lójú ọ̀nà. Mo rí i tí ìka mi ń wá bọ́tìnì nínú aṣọ bí ọmọ ọwọ́ tó ń wá ọmú. Kò rí i. Ọ̀ọ́dúnrún. Igba àti àádọ́ta. Ọ̀gá Pẹ́ńsù ti gbé ọwọ́ sẹ́bàá ìdarí, kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, iná títì yọ níwájú mi, ọ̀tún àti òsì, ibi tó sọ pé á wà gan-an.

Nígbà tí a dúró, mo tẹ bọ́tìnì. "Ohùn, ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ lè sọ̀rọ̀, Bàbá."

N kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Ajé, ọjọ́ 28

Ìlà méje. Àwọn awakọ̀ yòókù tò sẹ́yìn mi, bàálù kan ṣoṣo ni. Òjò tún ń kó jọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 30

Òjò rọ̀ lánàá, ó rọ̀ lónìí. Ìlà méje náà ni. Ní aago mẹ́rin mo gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì ọ̀gá pátápátá. Ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ bí dókítà bá gbà. Mo ní bí dókítà bá ṣì wà láyé.

Ohùn ti gba ìwé tirẹ̀. Ó wọ inú òjò wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó fi fáìlì bo orí.

"Bàbá, mo fẹ́ kí yín dáadáa. Ẹlòmíràn á ti gbé e mì. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé ọjọ́ Àìkú lẹ rí i, ọjọ́ Ajé lẹ ti wá sọ ọ́. Ẹ kò jẹ́ kó sùn."

Èmi tí wọn kì í pa lẹ́nu mọ́. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó má fèsì mọ́, òjò ń rọ̀ sí mi lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó sáré padà wọlé.

Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó bi mí pé ìgbà wo ni mo mọ̀, mo ní àná. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta, ní pálọ̀ mi, ni ìyàwó mi tọ́ka sí àtàǹpàkò mi lórí ìdérí ìkòkò, tí èékánná rẹ̀ ti funfun, tó ní, "Kí lẹ ń tẹ̀ níbẹ̀?" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wé ìka mi kó má lè tẹ bọ́tìnì mọ́, mo pè é ní ọgbẹ́, mo sì fi ọjọ́ mọ́kànlá gba ìlà márùn-ún nígbà tí ọmọbìnrin náà jókòó sídìí tábìlì. Bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹta yẹn, ọjọ́ á tó fún mi láti gba mẹ́wàá. Ohùn kò dákẹ́ rí. Èmi ni mo dákẹ́.